Pósítà tí Kò Dé Ìlú Kankan

Nínú gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń ra àkàrà nítorí pépà tí wọ́n fi dì í. Ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta wa ti mọ ìwà rẹ̀. Bó bá ti rí i lókèèrè báyìí, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì pépà àlòkù rẹ̀ wò.

"Bàbá Ayọ̀fẹ́, mo bá yín rí pósítà ọba kan o! Ṣùgbọ́n epo ti kan adé rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á ya. Ẹ bá mi fi sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Á san owó àkàrà, á gbé ọba elépo wálé, á da àtíkè lé e lórí kó lè fa epo náà mu, á wá tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo máa ń jẹ àkàrà. Mo ti sanra sí i látìgbà tó ti fẹ̀yìntì, òun ló sì fà á.

Bọ́dúnrìn Ògúnbánwò ni orúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Odogbolu ló ti ṣiṣẹ́ jẹun. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa kọ sínú ìwé ìròyìn. Kò joyè, kò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kì í sì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àfi bí wọ́n bá bi í. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Bí ìwàásù bá gùn, á sùn, ṣùgbọ́n á jí kí igbá ọrẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ń kọ nípa rẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó kọjá, tí kò tíì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ wọ yàrá kejì nílé wa, ẹ ó rí ẹni tí ọkọ mi jẹ́ gan-an. Nǹkan àwọn eléré orí ìtàgé ló kún ibẹ̀, àwọn eléré ayé ọjọ́un tó máa ń kó ara wọn sínú lọ́rì láti ìlú dé ìlú. Adé onípáálí wà níbẹ̀, idà onípákó wà níbẹ̀, wíìgì tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ya létí, àti gbohùngbohùn kan tó rí bí òdòdó ńlá, irú èyí tí wọ́n máa ń so mórí ọkọ̀ láti fi polówó eré. Ṣùgbọ́n pósítà ló pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí pósítà wọn ṣe ń rí. Ẹgbẹ́ eléré á lọ tẹ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán á wà lókè, orúkọ eré á wà láàárín, ìsàlẹ̀ á ṣófo. Bí wọ́n bá ti dé ìlú kan, ọ̀kan nínú wọn á fi yíǹkì kọ orúkọ ìlú náà sí ibi tó ṣófo yẹn, pẹ̀lú gbọ̀ngàn tí eré á ti wáyé àti ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ògì gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kiri ìlú. Lójú ọkọ mi, ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni iyì pósítà. Á gbé ọ̀kan sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Eléyìí dé Ẹ̀pẹ́. Wo ìyẹn, ó dé Ìlọ́rin!" Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣófo kò já mọ́ nǹkan kan. "Pósítà tí kò dé ìlú kankan" ló ń pè é, inú páálí tó fi ń ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń jù ú sí.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó kó o sí irú nǹkan báyìí. Ìyá rẹ̀ ni.

Ẹfúnyẹmí ni orúkọ ìyá náà, ọmọ ilé òrìṣà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Bọ́dúnrìn ṣì ń rákò. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, Ẹfúnyẹmí gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó sì bá ẹgbẹ́ eléré kan lọ, ẹgbẹ́ Fálolú. Ẹ̀gbọ́n yìí ti kúrò nídìí òrìṣà nígbà náà, ó ti di kátíkíìsì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, eré ìtàgé sì burú lójú rẹ̀ ju òrìṣà tó fi sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ìròyìn dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé ọkọ̀ eléré ti yí dànù, pé Ẹfúnyẹmí wà lára àwọn tó kú, gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó wà nílé ni kátíkíìsì dáná sun. Ó wá pe ọmọ náà jókòó, ó sọ fún un pé iná tó wà níbi tí ìyá rẹ̀ lọ kì í kú.

Bẹ́ẹ̀ ni Bọ́dúnrìn ṣe dàgbà láìrántí ojú ìyá rẹ̀. Ohun méjì ló kù sí i lọ́wọ́. Èkíní ni ohun tí gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó mọ obìnrin náà ń sọ, pé ó rẹwà débi pé bó bá ń kọjá lọ́jà, àwọn ọkùnrin á gbàgbé iye tí wọ́n ti ná ọjà dé. Èkejì ni ọwọ́ kan. Ọkọ̀ eléré gba ìlú kọjá lọ́jọ́ kan, gbohùngbohùn ń pariwo, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Ọwọ́ obìnrin kan yọ láti ojú fèrèsé, ó na súìtì sí i, ọkọ̀ sì lọ. Kò rí ojú. Ọwọ́ ló rí, àti òórùn àtíkè tó bá ọwọ́ náà jáde.

Ìdí nìyẹn tó fi ń wá pósítà ẹgbẹ́ Fálolú káàkiri. Bó bá rí ọ̀kan, á gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo olorì, ìyàwó tuntun, ọmọge tí àwọn ọba méjì ń torí rẹ̀ jagun. Ó ti yan mẹ́ta lára wọn tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá òun. Á gbé dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á máa fi imú wé imú.

"Ìyá Ayọ̀fẹ́, wá wo etí yìí."

Èmi á wò ó. Etí ni etí ń jẹ́ lójú tèmi.

N kò ní purọ́, yàrá náà kì í tù mí lára. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, èmi sì ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá nínú ìjọ wa. Ọjọọjọ́rú làwọn obìnrin ń ṣe ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ mi, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn pa kí wọ́n tó dé. Mo gbàdúrà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí Ọlọ́run mú ìwákiri yìí kúrò lọ́kàn ọkọ mi. Nígbà tí kò mú un kúrò, mo yí àdúrà padà, mo ní kó kúkú fi ojú ìyá náà hàn án kí gbogbo wa lè sinmi. Ọlọ́run dákẹ́. Mo mọ ohun tí à ń sọ nípa irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ti sọ ọ́ fún àwọn opó àti àwọn tó ń wá ọmọ: pé àsìkò Rẹ̀ ló dára jù. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀ tí ìbéèrè kan á yọ sí mi, pé ṣé ẹnìkan kúkú ń gbọ́? Mo máa ń yára kọrin lé e lórí kó má baà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè kejì tún wà, ti iná kátíkíìsì. Bọ́dúnrìn bi mí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó mi orí, kò sì tún béèrè mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan sọ fún un pé ìyá arúgbó kan wà ní Odogbolu tó máa ń rán aṣọ fún àwọn eléré, pé agbádá ọba tí wọ́n fi ṣeré wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ràmọ́tà ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo nǹkan: ní gbogbo ọdún tí ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ ní Odogbolu, ẹ̀yìn ọgbà ọ́fíìsì wọn ni obìnrin náà ń gbé. Ó ránṣẹ́ sí wa pé òun kì í ta aṣọ eré, kí a mú nǹkan eré wá ká jọ ṣe pààrọ̀. Ọkọ mi gbé páálí pààrọ̀ rẹ̀, èmi náà sì tẹ̀ lé e, kó má baà lọ fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi kún un.

Pósítà kan ló wà lókè páálí yẹn. Ọwọ́ káfíńtà kan tó fi tẹ́ inú dúrọ́ọ̀ ni Bọ́dúnrìn ti gbà á. Ti ẹgbẹ́ Fálolú ni lóòótọ́, àjẹ́ ló sì wà lójú rẹ̀: obìnrin kan tí wọ́n fi ẹfun kun lójú, tí eyín rẹ̀ dúdú, tí irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, tó na ọwọ́ jáde bí ẹni fẹ́ já ènìyàn gbà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú àwa méjèèjì. "Ó burẹ́wà, kò sì dé ìlú kankan," ni ọkọ mi wí nígbà tó ń dì í.

A bá Ìyá Ràmọ́tà lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbó.

"Ta ni nínú yín ló ń fẹ́ agbádá?"

"Èmi ni, mà," ni ọkọ mi dáhùn.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ fẹ́ jọba?"

"Rárá o, mà. Mo kàn fẹ́ fi pamọ́ ni."

"Èmi náà ń fi pamọ́. Ìpamọ́ tiyín ló dáa ju tèmi lọ?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín. Ó dájú pé ilé ti kún."

"Ó ti kún, mà. Ibi tí mo máa dùbúlẹ̀ sí ló kù."

"Ẹ mú u wá ká wò ó," ló wí fún ọkọ mi. "Kí sì ni ẹ fẹ́ fún mi?"

Bọ́dúnrìn nu pósítà náà nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Obìnrin náà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Tẹ̀súbáà bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mú un.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ fẹ́ gbé Ẹfúnyẹmí fún mi kí n fi agbádá san án?"

N kò rí ojú ọkọ mi, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Mo kàn gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ta ni, mà?"

"Ẹfúnyẹmí, ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Èmi ni mo kùn ún lẹ́fun tí ẹ̀ ń wò yìí. Èmi ni mo fi èédú pa eyín rẹ̀ láró."

"Ṣùgbọ́n, mà, Ẹfúnyẹmí rẹwà. Gbogbo ènìyàn ló sọ pé ó rẹwà."

"Ta ló bá yín jiyàn? Ó rẹwà ju gbogbo wa lọ. Ṣé ẹ rò pé ẹwà ni wọ́n fi ń ṣe olorì nínú ẹgbẹ́ eléré ni?" Ó fi ọwọ́ gbá itan. "Ìyáálé ọ̀gá ló ń ṣe olorì! Eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀, olorì ni. Ìyàwó kejì ló ń ṣe ọmọge, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé ọ̀gá ni wọ́n ṣe ń gba ipa. Èyí tí kò bá fẹ́ ọ̀gá, òun ló máa ṣe àjẹ́. Ọ̀gá Fálolú fẹ́ fẹ́ Ẹfúnyẹmí títí, ó ní òun kò wá ọkọ, òun ní ọmọ kan tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. Àjẹ́ ló ń ṣe láti ọjọ́ tó dé títí tó fi lọ. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe! Àwọn ọmọdé á sá jáde kúrò ní gbọ̀ngàn."

Mo rántí gbogbo olorì tí a ti fi dígí wò nílé. Imú wọn, etí wọn. Ìyáálé ọ̀gá Fálolú ni wọ́n lọ jẹ́.

"Ẹ ò rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo?" ni Ìyá Ràmọ́tà tún wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni ọkọ̀ yí dànù. A kò lẹ ẹyọ kan mọ́ ògiri. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti ṣègbé."

Ọkọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Èmi ni ọmọ náà, mà," ló wí.

Ìyá Ràmọ́tà tẹjú mọ́ ọn. "Bọ́dúnrìn? Ìwọ lo ń jẹ súìtì?" Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ìlú tí a bá dé, súìtì ni yóò kọ́kọ́ rà. Á ní, 'Ràmọ́tà, bá mi tọ́jú rẹ̀, ti Bọ́dúnrìn ni.' Àwa la máa ń jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, torí a kì í sábà gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Má bínú."

"Ẹyọ kan dé ọwọ́ mi, mà."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí kò mọ̀ pé èmi ni òun ń sọ ọ́ fún. Ó ní lẹ́yìn eré, bí òun bá ń fi epo nu ẹfun kúrò lójú Ẹfúnyẹmí, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kátíkíìsì kọ́ ọ. "Èmi Mùsùlùmí, ọ̀dọ̀ àjẹ́ yìí ni mo ti gbọ́ orin ìjọ," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá orin tó láti mú ènìyàn kúrò nínú iná. N kò mọ̀ bóyá iná náà wà níbi tí kátíkíìsì fi í sí. Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ kó tún un sọ, ojú sì tì mí láti béèrè.

Nígbà tí a dìde, ọkọ mi nawọ́ pósítà náà sí i, bóyá torí pé ó ti ṣèlérí pààrọ̀. Obìnrin náà tì í padà. "A kì í gba ìyá ẹni lọ́wọ́ ẹni. Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n agbádá mi kò kúrò níbí o!"

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, ọkọ mi gbé pósítà náà lé itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ tí àjẹ́ náà nà jáde. "Ọwọ́ náà nìyí," ló wí. Èmi kò mọ̀ bóyá ó dá a mọ̀ lóòótọ́ àbí ó kàn fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ tèmi náà, n kì í fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Nígbà tó yá, ó tún ní, "Mo ti dì í pé kí n fi ṣe pààrọ̀."

"O kò fi ṣe é," mo dá a lóhùn.

Ó ṣe férémù sí i. Ó wá bá mi nínú kíṣìnì, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ayọ̀fẹ́, kò yẹ kí ìyá mi wà ní yàrá ẹrù. Pálọ̀ ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n pálọ̀ yìí ni ẹ ti ń ṣe ìpàdé yín. Bí o bá ní rárá, mi ò ní bínú."

Ì bá kúkú bínú, ì bá rọrùn fún mi. Mo mọ ohun tí Ìyá Mofẹ́olúwa, olórí ẹgbẹ́ wa, máa sọ. Ó ti ní kí arábìnrin kan gbé ère erin kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ rí. Mo sì tún mọ̀ pé ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ, ìyàwó kátíkíìsì ni wọ́n gbé sórí àga. Mo kúnlẹ̀ fún un, ó súre fún mi, ṣùgbọ́n ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Mo ní kó gbé e kọ́ ná, kí n lè gbàdúrà sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó lọ ra àkàrà, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti àga bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo lajú, mo rí i pé iwájú férémù náà gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, ó na ọwọ́ sí mi. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Ó jọ pé òrìṣà ni mo ń bọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò jọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ já nǹkan gbà mọ́, ó jọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fúnni ní nǹkan láti ojú fèrèsé. N kò dìde. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni ìyàwó yín."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró sí pálọ̀.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, Ìyá Mofẹ́olúwa kò tíì jókòó tó fi rí i.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ìyá Ayọ̀fẹ́, ta ni àjẹ́ yìí?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í kun ẹfun," ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Mofẹ́olúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká bo nǹkan náà ká tó lè gbàdúrà. Mo ṣàlàyé fún un pé eléré ni, pé iṣẹ́ ló ń ṣe, pé èyí nìkan ni fọ́tò rẹ̀ tó kù láyé. Ó ní òun gbọ́, ká ṣáà bò ó.

"Mà," mo ní, "wọ́n ti bò ó tó."

Ó kọ ẹ̀yìn sí i títí ìpàdé fi parí. Láti ọjọ́ náà, kò wá sílé mi mọ́, àwọn méjì kan sì bá a lọ. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì lè búra pé òun kọ́ ló tọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, ọkọ mi jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú yíǹkì àti ìkọ̀wé. Ó tú férémù náà, ó tẹ́ pósítà sórí tábìlì. Ní ìsàlẹ̀ tó ṣófo látọjọ́ yìí, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÌJẸ̀BÚ-ÒDE. Ó ronú, ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀: PÁLỌ̀ ÒGÚNBÁNWÒ. Ó wá dúró, ó gbójú sókè wò mí.

"Ọjọ́ wo ni kí n kọ?"

Mo wo àwọn àga tí àwọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí wọn, tí n kò tíì tò padà.

"Kọ Ọjọ́rú," mo ní. "Ọjọ́rú là ń rí èrò."